Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín: Ẹni Tí Kò Wá sí Kílíníìkì Ni Ẹ̀kọ́ Yìí Ń Wá

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ àbójútó ìlera àwùjọ lójú ìwé yìí, ìyẹn èyí tí àwọn yunifásítì ń pè ní Population Health Management, ni lẹ́tà ti ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, mo ka ẹ̀kọ́ náà gba oyè másítà, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sú mi. Mo mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ ni mo wà. Mo fẹ́ kàwé sí i. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ka ìmọ̀ ìlera gbogbogbòò, àmọ́ mo rí i pé àwọn yunifásítì kan ya àbójútó ìlera àwùjọ sọ́tọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Àbí orúkọ ni wọ́n kàn yí padà? — Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọn ò kàn yí orúkọ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ìmọ̀ ìlera gbogbogbòò fẹ̀ gan-an: omi mímu, abẹ́rẹ́ àjẹsára, òfin lórí sìgá, àjàkálẹ̀ àrùn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ibi tó há ju ìyẹn lọ ni àbójútó ìlera àwùjọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n lè jẹ́ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì kan, tàbí àwọn tí àjọ adójútòfò kan ń san owó ìtọ́jú wọn, tàbí gbogbo olùgbé agbègbè kan. Àwa la ó jíhìn ìlera wọn. Ta ni ara rẹ̀ kò yá nínú wọn báyìí? Ta ni àìsàn yóò dá dùbúlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bí a kò bá tètè ṣe nǹkan? Nígbà tí òṣìṣẹ́ kò sì tó, ọ̀dọ̀ ta ni ká kọ́kọ́ lọ?

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ méjì, David Kindig àti Greg Stoddart, kọ àlàyé kan tí èmi àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Wọ́n ní ìlera àwùjọ ni bí ara àwọn ènìyàn náà ṣe rí lápapọ̀, àti bí ìlera yẹn ṣe pín láàárín wọn. Apá kejì yẹn ni kí o dì mú. Kílíníìkì lè máa gba máàkì tó ga lápapọ̀ kí àwọn kan tí orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ̀ sì máa kú láìtọ́jọ́.

Dókítà kan wà tí mo fẹ́ràn láti sọ ìtàn rẹ̀. Julian Tudor Hart ni orúkọ rẹ̀, Glyncorrwg ló ti ṣiṣẹ́, abúlé àwọn awakùsà kan ní Wales. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró kí aláìsàn wọlé. Hart kò dúró. Ó mú ìwé orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wá wọn kàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, títí kan àwọn tí nǹkan kan kò dùn rárá. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìròyìn ọdún 25 iṣẹ́ náà jáde ní 1991, àwọn tó ń kú láìtọ́jọ́ níbẹ̀ kéré sí ti abúlé kan tó wà nítòsí, tí wọn kò ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Òun kan náà ló kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1971 pé ibi tí àìní ti pọ̀ jù ni ìtọ́jú tó dára ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù.

Ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó dé iwájú rẹ lo mọ̀. O mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ o kò mọ àwọn tó kù sílé. Jẹ́ ká fi àìsàn tí o ń tọ́jú ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ènìyàn 10,000 ló wà ní agbègbè kan. Nínú wọn, 500 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an, tí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn yóò sì ní rọpárọsẹ̀: ènìyàn 50 nìyẹn. Àwọn 9,500 tó kù, ewu tiwọn kéré, ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣírò rẹ̀: ènìyàn 190. Nínú àwọn 240 tí wọn yóò gbé wá bá ọ, èyí tó pọ̀ jù ló wá láti àárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù fún. Geoffrey Rose, dókítà ará Britain tó ń ṣèwádìí bí àìsàn ṣe ń tàn láwùjọ, ló tẹ èyí mọ́ wa létí ní 1985, ó sì yí ọ̀nà tí èmi fi ń wo bẹ́ẹ̀dì aláìsàn padà pátápátá.

Bó bá jẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn àti òfin ìlú ló ń wù ọ́, gba ìmọ̀ràn ọ̀gá rẹ. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ìdí tí aláìsàn rẹ fi pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o sì tún ọ̀nà yẹn ṣe, wá sọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ka ìlànà ẹ̀kọ́ yunifásítì náà fínnífínní kí o tó san ohunkóhun. Béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yóò fọwọ́ kan dátà gidi, tàbí àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé nìkan ni. Béèrè bóyá a lè ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá pẹ̀lú kílíníìkì tàbí ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn gúnmọ́ kan fún ọ lórí méjèèjì, wá ibòmíràn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe ní báńkì, mo mọ SQL àti Python, àwọn èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ dátà, dunjú. Mo ti rí àyè gbà láti ka másítà yìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mi ò mọ nǹkan kan nípa àìsàn. Ṣé màá lè bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì jókòó? — Ọmọ báńkì

Ìdáhùn: Wàá lè bá wọn jókòó, wọn yóò tiẹ̀ máa wá ọ. Nínú kíláàsì mi, àwọn dókítà ló máa ń gbé àga wọn sún mọ́ ẹni tó mọ SQL. Orúkọ àìsàn kò sì ṣòro kọ́. Nínú ICD-10, àmì tí wọ́n fi ń kọ àìsàn sílẹ̀ káàkiri àgbáyé, I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru, E11 ni àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, J45 ni ikọ́ fée. Kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, èyí tí o nílò jù nínú wọn á ti wà lórí rẹ.

Ibòmíràn ni mo ti fẹ́ kí o lajú. Ní báńkì, bí ìwé bá ní owó jáde, owó jáde nìyẹn. Fáìlì ìlera kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sí àtọ̀gbẹ nínú fáìlì rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí láyé. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ní 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science. Wọ́n yẹ ètò kọ̀ǹpútà kan wò, èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti fi yan àwọn aláìsàn tó yẹ kí wọ́n fún ní àfikún ìtọ́jú. Ètò náà kò wo ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Owó ló ń wò: ẹni tí owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò pọ̀ lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n kà sí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Àmọ́ owó tí wọ́n ń ná lórí àwọn aláwọ̀ dúdú kéré sí èyí tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ funfun tí àìsàn wọn jọ le bákan náà, nítorí pé ọ̀nà àtirí ìtọ́jú kò là fún wọn dọ́gba. Bí dúdú àti funfun bá gba máàkì kan náà, àìsàn ti dúdú ló máa ń le jù. Àwọn olùwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá tún un ṣe, ìpín àwọn aláwọ̀ dúdú nínú àwọn tí ètò náà ń yàn yóò kúrò ní ìdá 17.7 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di ìdá 46.5. Àwọn tó kọ ètò yẹn mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú bíi tìẹ. Ohun tí wọ́n ní kó wá ni kì í ṣe ohun tó yẹ kó wá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń mú kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi, àgàgà àwọn tó ti ìdí kọ̀ǹpútà wá, jókòó ti tẹlifóònù. Nígbà tí èmi ń kàwé, wọ́n gbé orúkọ àwọn alátọ̀gbẹ tí wọn kò wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní kílíníìkì kan. Nínú dátà, ohun kan náà ló wà níwájú orúkọ gbogbo wọn: kò wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ọkùnrin kan ní àsìkò tí kílíníìkì ń ṣí ni òun ń wakọ̀ èrò, ọjọ́ tí òun kò bá sì wakọ̀, kò sówó. Obìnrin kan ní òun wá, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ òun. Ilé àyẹ̀wò mìíràn ló lọ, èsì rẹ̀ ni kò dé inú fáìlì. Mo pe nọ́ḿbà kan, ọmọ aláìsàn ló gbé e, ó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ìyá òun. Àṣírí aláìsàn ni, mo sọ pé kó bá mi kí ìyá, kí ìyá pè wá, mo sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Mo pe òmíràn, ìyàwó ló dáhùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kílíníìkì sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ pé kó wá fún àyẹ̀wò.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìkan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò kò sì jọra: kí kílíníìkì máa ṣí nírọ̀lẹ́ fún awakọ̀ yẹn, kí èsì àyẹ̀wò máa dé ibi tó yẹ fún obìnrin yẹn, kí ẹnì kan sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ opó náà. Bí o bá lè kọ SQL, tí o sì lè pe àwọn ènìyàn báyìí kí o tó kọ ọ́, ọwọ́ rẹ ni iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè: Olùkọ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì ń ṣiṣẹ́. Ṣé kò ti pẹ́ jù? — Alábòójútó ilé ìwòsàn

Ìdáhùn: Kò pẹ́ rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kan sí méjì ni ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ kà á máa ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì fàyè gba kí ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Èyí tí ẹ máa kà mọ́ iṣẹ́ ni mo fọwọ́ sí fún yín, nítorí pé ohun tí ẹ bá kọ́ lánàá, ẹ lè dán an wò ní ilé ìwòsàn yín lónìí. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ ní kíkọ láti lo dátà ibẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yín o. Àṣẹ yẹn máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti pinnu láti lọ, àmọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni èmi àti ìṣirò kò ti rẹ́. Ṣé kí n má wulẹ̀ dán an wò ni? — Òṣìṣẹ́ ìlera

Ìdáhùn: Dán an wò. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe ìṣirò tó le. R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò, tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni kí o mọ ohun tí o ń pín, àti iye ènìyàn tí o fi ń pín in. Mú pẹ́ńsùlù, ká jọ ṣe ọ̀kan.

Kílíníìkì méjì ló wà, A àti B. Ènìyàn 1,000 ló forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kan, wọ́n dá 40 dúró sí ilé ìwòsàn nínú àwọn ti A, wọ́n dá 73 dúró nínú àwọn ti B. Ẹni tó ń pín owó wo ìwé, ó ní B kò ṣiṣẹ́. Ìwọ ní kó ní sùúrù díẹ̀, o sì ya ọ̀dọ́ sọ́tọ̀, o ya àgbà sọ́tọ̀. Ní A, ọ̀dọ́ jẹ́ 800, wọ́n dá 16 dúró, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbà jẹ́ 200, wọ́n dá 24 dúró, ìdá 12. Ní B, ọ̀dọ́ jẹ́ 300, wọ́n dá 3 péré dúró, ìdá 1. Àgbà jẹ́ 700, wọ́n dá 70 dúró, ìdá 10.

Wò ó dáadáa. Láàárín ọ̀dọ́, B ló sàn jù. Láàárín àgbà, B náà ni. Àgbà ló kún ọ̀dọ̀ B, òun ló gbé àpapọ̀ rẹ̀ ga. Wàyí o, ká fún àwọn méjèèjì ní ọ̀dọ́ 500 àti àgbà 500, kí ìdá tí a rí lẹ́ẹ̀kan má yí padà. A yóò ní 10 àti 60, ó di 70. B yóò ní 5 àti 50, ó di 55. Age standardisation, ìyẹn mímú ọjọ́ orí dọ́gba, ni olùkọ́ yóò pe ohun tí o ṣe yìí, kò sì sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ju ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì gé owó B kúrò ní ọjọ́ yẹn nítorí pé kò sẹ́ni tó bá wọn ṣe ìṣirò kékeré yìí, àwọn àgbà 700 yẹn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí máa wà lọ́kàn rẹ nígbàkigbà tí ìṣirò bá fẹ́ sú ọ.

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa, ọmọbìnrin mi ló fẹ́ ka nǹkan yìí. Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Iṣẹ́ wo ló máa fi ṣe? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ilé ìwòsàn, àjọ adójútòfò ìlera, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ló máa ń gbà wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìlera ọdún 2010 la ọ̀nà fún àwọn dókítà àti ilé ìwòsàn láti pín nínú owó tí wọ́n bá dín kù, bí ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà tó wà lábẹ́ Medicare, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba ibẹ̀, bá dára síbẹ̀. Ní England, wọ́n dá ìgbìmọ̀ 42 sílẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fi ètò ìlera gbogbo olùgbé agbègbè kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ wọn. Irú ètò báwọ̀nyí kò lè rìn láìsí ẹni tó lè ka dátà, kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ kó yé e. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀ ṣá: oyè yìí nìkan kò sọ ọ́ di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kò sì fún un láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ni. Kílíníìkì tí mo ti ń ṣe é ṣa àwọn ènìyàn 60 tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ń lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye ìgbà tí wọ́n dá wọn dúró já sí ìdajì. Inú gbogbo wọn ń dùn, wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ pé ètò náà ṣiṣẹ́. Olùkọ́ mi ní kí n rọra, kò sì sọ ìdí. — Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ, ó ìbá ti dára kó ṣàlàyé rẹ̀. Ìgbà tí ìṣòro àwọn ènìyàn yẹn dé góńgó lẹ ṣà wọ́n. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọdún tó burú jù fún un nìyẹn: ó ṣubú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú iṣẹ́ abẹ kẹ̀, ó tún padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e yóò fúyẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, nọ́ọ̀sì ì báà kan ilẹ̀kùn, kó má sì kàn án. Àwọn kan sì lè ti kú, òkú kì í padà sí wọ́ọ̀dù. Bí o bá ka ikú wọn mọ́ ìdínkù yẹn, o ti ka àdánù mọ́ èrè.

Irú ètò yìí gan-an ni wọ́n dán wò ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine ní 2020. Aláìsàn 800 ni, gbogbo wọn ló ń wọ ilé ìwòsàn lemọ́lemọ́. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì, wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ti apá kan kí wọ́n máa ràn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò ní ilé ìwòsàn, apá kejì ń gba ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n wò, ṣáájú àti lẹ́yìn, wọn ìbá sọ pé ìdádúró dín kù ní ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ti apá kejì náà dín kù bákan náà. Láàárín ọjọ́ 180, wọ́n tún dá ìdá 62.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ dúró. Ti apá kejì jẹ́ 61.7. Mo bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún àwọn tó ń ṣe ètò yẹn. Gbogbo ènìyàn ti ń kan sáárá sí wọn kí wọ́n tó gbà kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn dán irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wò.

Èyí kò sọ pé ètò ti kílíníìkì yín kò dára. Ohun tó sọ ni pé ìdajì yẹn nìkan kò tíì fi nǹkan kan hàn. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú dátà bóyá àkọsílẹ̀ ọdún méjì sí mẹ́ta ṣáájú ètò náà ṣì wà. Nínú rẹ̀, ṣa àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò tíì sí nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé, kí o wo bí ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe rí fún wọn. Bí tiwọn náà bá já sí ìdajì, o ti mọ ibi tí ìdínkù yẹn ti wá. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló fi dín, ó ṣeé ṣe kí àwọn nọ́ọ̀sì yín ti ṣe nǹkan gidi, kí o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ya àwọn tó kú àti àwọn tó kó lọ sọ́tọ̀ ní apá méjèèjì.

Kí o tó kọ gbólóhùn kan, lọ jókòó pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, kí o sọ ohun tí o fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀ fún wọn. Àwọn ló ń wọ ilé àwọn ènìyàn yìí. Kò yẹ kó jẹ́ pé inú ìwé ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Béèrè ohun tí wọ́n bá nílé àwọn aláìsàn náà pẹ̀lú: oògùn tó tán tí kò sẹ́ni tó rà á, àtẹ̀gùn tí aláìsàn kò lè gùn, ẹni tó ń dá gbé. Kọ èyí sínú iṣẹ́ rẹ, nítorí pé orí kan gbáko ni yóò fún ọ. Bí dátà ọdún tó ṣáájú kò bá sí, tètè kọ̀wé sí mi kí a wo àwọn tí wọ́n yẹ fún ètò náà ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà á.